Iyọ̀ Inú Ife Keje

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n la irin mọ́ obìnrin náà lórí. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ló kà á fún wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ògiri yàrá yẹn kò nílò dókítà kó tó mọ̀ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ náà kò fẹ́ kó dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta dé òkè àjà. Ó ṣàn lọ sábẹ́ tábìlì, ó gba àárín àwọn ife gíláàsì tó fọ́, ó dì mọ́ ìwé àti aṣọ. Lórí tábìlì, lójú fèrèsé, àti lórí ẹ̀jẹ̀ náà gan-an, ohun kan wà tó ń dán wíríwírí bíi ṣúgà tó dà sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Gíláàsì ni mo pè é.

Èmi ni sájẹ́ǹtì tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, ẹ ò sì ní béèrè ìdí tí ẹ bá rí ọwọ́ mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń gba òótọ́ lẹ́nu èèyàn, tàbí ohun tí mo rò pé ó jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín: lọ́jọ́ yẹn, mo ṣe ohun kan tí ojú ṣì ń tì mí nítorí rẹ̀.

Obìnrin tí wọ́n pa yìí, iṣẹ́ ìwádìí kẹ́míkà ló ń ṣe. Oníyọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé iyọ̀ ló ń wá kiri látàárọ̀ dalẹ́. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ni. Ọkọ rẹ̀ ni mo bá lára òkú nínú yàrá iṣẹ́ obìnrin náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, ó gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan, irin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ibẹ̀ ní tọkọtaya náà jà lánàá níwájú òun, pé ọkọ gbé odindi páálí ife gíláàsì, ó sì là á mọ́lẹ̀. Kí ni mo tún ń wá?

Afẹ́gíláàsì ni gbogbo wọn ń pe ọkọ yìí. Òun ló ń ṣe gbogbo ife àti ìgò tí ilé ìwádìí náà ń lò. Á máa fi ọwọ́ ọ̀tún yí gíláàsì lójú iná, á máa fi ẹnu fẹ́ ẹ títí yóò fi wú bó ṣe fẹ́. Mo jù ú sínú ọkọ̀, mo ń lù ú lọ lọ́nà. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, ó ṣì ń sọ pé òun kọ́. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo sì fi ẹsẹ̀ ti dúrọ́ọ̀ náà pa. Mo bi í léèrè. Mo tún tì í pa. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun lòun pa á. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì lọ mu omi tútù.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ti ìrìn àjò dé. Òun ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó dàgbà jù lẹ́kùn wa, obìnrin kúkúrú kan tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń rẹ ọmọ sùn. Kò jókòó. Ó gba ẹnu irin àhámọ́ wo Afẹ́gíláàsì, ó wo ọwọ́ tó ti wú bí búrẹ́dì, ó wá yíjú sí mi.

"Ta ló ṣe ọwọ́ rẹ̀ báyìí?"

"Ó ti jẹ́wọ́, Ọ̀gá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó jẹ́wọ́."

Mo ki ọwọ́ mi bọ àpò.

Ó rọra kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan kí ojú òun àti ọkùnrin náà lè ṣe déédéé. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fi irin yẹn lù ú?"

Ọkùnrin náà ò gbé orí sókè. "Ẹ sọ iye tí ẹ bá fẹ́, màmá. Iye yẹn náà ni."

"Ìjà àná ńkọ́?"

"Ọjọ́ kẹta rèé tí kò ti wálé sùn, iṣẹ́ ni ṣáá. Inú bí mi, mo fọ́ ife tí mo ṣe fún un. Ní àárọ̀ yìí, mo kó tuntun wá kí n fi bẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dìde. Páálí ife tuntun wà nínú yàrá yẹn lóòótọ́. Mo ti rí i lẹ́bàá ilẹ̀kùn, okùn ò tíì tú lára rẹ̀. N kò bi ara mi pé ta ni í gbé ẹ̀bùn dání tí í tún fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ lọ pààyàn.

Ní ìta, wọ́n ń fi irin gbá géètì wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n Oníyọ̀ ni, ọkùnrin mẹ́rin, àdá lọ́wọ́ méjì, irin lọ́wọ́ méjì. Wọ́n ti fọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ kan. Ọ̀gá àgbà àgọ́ wa ti pàṣẹ pé ká gbé Afẹ́gíláàsì lọ sí kóòtù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnu géètì yẹn náà sì ni ọkọ̀ máa gbà. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò ní dé kóòtù láàyè.

"Aago mẹ́rin," Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí. "Gbé ọkọ̀."

*

Ọ̀gá lo ogún ìṣẹ́jú nínú yàrá Oníyọ̀. Ó fi pépà tútù lẹ ohun tí ń dán yẹn, ó gbé e síwájú fèrèsé.

"Kí lo pe èyí?"

"Gíláàsì, Ọ̀gá."

"Gíláàsì tó bá fọ́, ṣé ọ̀kan máa ń jọ èkejì?" Ó fún mi ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Mo wò ó. Gbogbo hóró náà ló pẹlẹbẹ, gbogbo wọn ló ní igun mẹ́fà, àfi bí ẹni pé ẹnì kan jókòó ó ń fi ọ̀bẹ gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ dà?" ni ìbéèrè tó kàn. "Àwọn èèyàn yìí kì í fọwọ́ kan nǹkan kí wọ́n má kọ ọ́ sílẹ̀."

Kò sí ìwé kankan. Mo wá a títí, àwọtẹ́lẹ̀ nìkan ni n kò tú. Ìgbà tí mò ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo rí obìnrin tí ń tọ́jú sítóò, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sítóò. Ó rí mi, ó yà bàrà. Etí aṣọ rẹ̀ pupa. Nǹkan kan wú lábẹ́ kóòtù funfun tó wọ̀. Mo sáré mú un, mo tì í mọ́ ògiri, orí rẹ̀ sì dún gbì.

"Fi í sílẹ̀," Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí lẹ́yìn mi.

Ó fún ìyá náà ní àga. Ó gbóòórùn etí aṣọ rẹ̀, ó ní oògùn pupa tí wọ́n fi ń pa ojú egbò ni, pé ẹ̀jẹ̀ kì í ní òórùn yẹn.

"Ìgò rẹ̀ ló fọ́ sí mi lára ní àárọ̀," Ìyá Sítóò wí.

"Mo mọ̀, ìyá mi. Èyí tó wà lábẹ́ kóòtù ńkọ́?"

Obìnrin náà wò mí, ó wo Ọ̀gá, ó wá fa ìwé kan tó ní èèpo dúdú yọ. "Aago méje àárọ̀ ni Oníyọ̀ gbé e fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, 'Ìyá, ó ti dì. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan rí i kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dé.' Ìyẹn ló sọ kẹ́yìn fún mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò mú un wá bá àwọn ọlọ́pàá láti àárọ̀?"

"Mo rí ohun tí ọ̀gbẹ́ni yìí ń fi ojú Afẹ́gíláàsì rí nínú ọkọ̀."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ò wò mí. Ì bá sàn kó wò mí.

*

Ọ̀jọ̀gbọ́n, bàbá olórí ilé ìwádìí náà, dé ní aago kan. Mo ti ń fura sí i, kí n má purọ́. Ta ni ì bá jèrè ìwé yẹn ju ọ̀gá ibẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ ojú irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, èèyàn méjìlá ló sì bá a wọ ọkọ̀ kan náà láti ìlú mìíràn. Ó jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ka ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ la nǹkan yìí yé mi, bàbá," Ọ̀gá wí, "bí ẹni ń la á yé ẹni tí kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ."

Bàbá náà nu ojú. "Oògùn ibà kan ni. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n omi ṣíṣàn bí oyin ni, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń bàjẹ́. Tó bá lè dì ní hóró, a ó fi ṣe oníhóró, yóò wà lórí àtẹ fún ọdún mẹ́ta. A wá fi ásíìdì kan sí i. Ásíìdì yẹn á já nǹkan kékeré kan lára ara rẹ̀, á fún oògùn náà. Èyí tó gbà á á ní iná pọ́sítíìfù lára, èyí tó fún un á ní nẹ́gátíìfù. Áyọ́ọ̀nù là ń pe irú wọn. Wọ́n á máa fa ara wọn mọ́ra, ohun tí a ń pè ní iyọ̀ nìyẹn."

"Ó sì dì."

"Kò dì. Fífa ara ẹni mọ́ra nìkan ò tó. Ẹ kó igba èèyàn tó fẹ́ràn ara wọn sínú gbọ̀ngàn, wọ́n lè máa ṣùpọ̀ lásán, kí wọ́n máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó lè tò, ọwọ́ èyí gbọ́dọ̀ rí ibi di tọ̀hún mú, tọ̀hún náà á di ẹlòmíràn mú, lápá ọ̀tún, lápá òsì, lókè, nísàlẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má sì yẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń di kírísítálì. Oṣù mẹ́jọ la fi wá a, oyin ló ń dà ṣáá. Àfi àárọ̀ yìí tí tirẹ̀ tò."

"Àwọn mélòó ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà?"

"Méjì. Òun àti Onírùngbọ̀n. Àwọn méjèèjì ló jọ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lórí orúkọ ẹni tó máa ṣáájú lórí ìwé. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ níhìn-ín, mo kó èkejì lọ sí òkè ilé tó wà ní òdìkejì àgbàlá. Ìlànà kan náà, ife kan náà."

Ó dìde láti rọ omi, ó wá rántí nǹkan, ó sún sẹ́yìn fún wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti wọ yàrá Oníyọ̀, ẹ má sún mọ́ ife kankan nílé yìí. Hóró àkọ́kọ́ ló máa ń nira. Tó bá ti wà, eruku rẹ̀ tí ojú ò lè rí tó bá bọ́ sínú ife mìíràn, ó máa kọ́ gbogbo ìyókù bí wọ́n ṣe ń tò. Ó lè bá aṣọ yín lọ. Ó lè bá irun lọ."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ti ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó gbé bírò dúró.

"Irun," ó wí.

*

A ò wọ yàrá Onírùngbọ̀n. Ẹnu ọ̀nà la dúró sí, lẹ́yìn ìloro, ó sì jókòó sí tiẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kóòtù rẹ̀ jọ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kún dé àyà. Ó ní ikú Oníyọ̀ ba òun lọ́kàn jẹ́ púpọ̀.

"Ìgbà wo lẹ wọ yàrá rẹ̀ kẹ́yìn?" Ọ̀gá béèrè.

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta. A kì í kí ara wa."

"Lónìí ńkọ́?"

"Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ti wà níbí. Mi ò jáde."

"Ẹnikẹ́ni wọlé bá yín?"

"Èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹni tó wọlé."

Ife méje ló wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú bí oyin wà nínú mẹ́fà, ìdérí sì wà lórí wọn. Èyí keje funfun láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu.

"Ẹ bá mi yọ̀ tí ẹ bá lè yọ̀ lónìí," ọkùnrin náà wí, kò sì lè pa ayọ̀ ojú rẹ̀ mọ́. "Tèmi náà dì. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò mọ̀ pé tirẹ̀ náà dì àfi ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi fóònù sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ kú oríire o. Kí ló dé tó jẹ́ keje nìkan?"

"Ọjọ́ kan, ife kan ni. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí eruku má baà wọ gbogbo wọn. Ní àárọ̀, mo máa ṣí ọ̀kan, mo máa tẹrí sórí rẹ̀ wò ó dáadáa, mo máa dé e. Keje ló kàn lónìí."

Ọ̀gá dúpẹ́. A sọ̀ kalẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ló ti bi mí.

"Kí lo rí?"

"Ó ń yọ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kú. Ẹ jẹ́ kí n bá a dá wà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Kó lè jẹ́wọ́ fún ọ bí Afẹ́gíláàsì ṣe jẹ́wọ́?" Ohùn rẹ̀ ò le. "Fetí sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ife méje kọ̀ láti dì. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan fọ́ àwo hóró Oníyọ̀, tí eruku rẹ̀ gba gbogbo yàrá, èyí tó ṣí nìkan ló dì. Mẹ́fà tó dé, oyin ni wọ́n ṣì jẹ́. Nǹkan bọ́ sínú keje lára ẹni tó tẹrí wò ó. Kò sì sí ẹlòmíràn tó wọbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí kò dà á nù?"

"Ìwọ lè da oṣù mẹ́jọ nù? Ó pààyàn torí hóró yẹn. Ó wá délé, ó bá a nínú ife tirẹ̀. Ó dá a lójú pé òun lòun ni ín."

Mo wo aago. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Láti òkè yẹn, ẹ lè máa gbọ́ irin lára géètì àgọ́ wa tó wà nítòsí.

*

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣe ìdánwò tí Ọ̀gá fẹ́, nínú yàrá Onírùngbọ̀n, torí pé òun ò tíì fẹsẹ̀ tẹ yàrá Oníyọ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó mú òòyà tuntun méjì láti sítóò. A tún pe awakọ̀ wa, tí kò tíì kúrò nínú ọkọ̀ láti àárọ̀, ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n bíi ti òbúkọ, kí a lè fi tirẹ̀ wéra. Èmi àti Ọ̀gá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì.

"Òòyà lásán ni," Ọ̀gá gba àlàfo ilẹ̀kùn wí. "Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ."

Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín. "Ẹ ya á bó ṣe wù yín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ife karùn-ún, ó fi òòyà kan ya irùngbọ̀n awakọ̀ sórí rẹ̀. Awakọ̀ náà ní ṣé kí òun jókòó kí wọ́n kúkú di irùngbọ̀n náà. Ó jáde. Bàbá ṣí ife kẹfà, ó fi òòyà kejì ya irùngbọ̀n dúdú gígùn yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta, láti àgbọ̀n dé ìsàlẹ̀. Nǹkan kan ò bọ́ tí ojú mi lè rí.

A dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Onírùngbọ̀n ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo òkè. Mò ń ronú nípa ọwọ́ tó wú bí búrẹ́dì, mò ń bẹ ife lásán pé kó dákun kó ṣe nǹkan.

Ní ìṣẹ́jú kẹrìndínlógún, àmì funfun kan yọ lójú ife kẹfà. Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó yọ apá kan, ó yọ apá kejì, ó di mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Funfun náà ń jẹ oyin náà lọ láti àárín dé etí, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lára gíláàsì. Ife karùn-ún dúró bó ṣe wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tíì gbójú sókè tí irin fi balẹ̀ sí i lórí. Onírùngbọ̀n ti fa ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń gbé ife dúró yọ lórí pẹpẹ, irú èyí tó fi pa Oníyọ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà tún gbé irin sókè, sórí ife kẹfà báyìí, kó fọ́ ẹ̀rí náà túútúú.

Kò fọ́ ọ. Irin wà lókè, ojú rẹ̀ wà nínú ife. Funfun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé etí, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wọ inú rẹ̀, ọkùnrin náà sì dúró ó ń wò ó. Wíwò yẹn ò ju kí èèyàn ka mẹ́ta lọ.

Mo fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn. Gíláàsì ya mí lápá. Irin kọ́kọ́ bà mí ní ìhà, mo gbọ́ tí egungun kan yẹ̀, mo sì dì mọ́ ọn. A jọ wó lu pẹpẹ, a wó lulẹ̀. Ó fi eyín ṣán mi létí. Mo gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi orúnkún tẹ ọrùn rẹ̀, mo gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè. Mo mọ ibi tí mo fẹ́ kó balẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì," Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ó tó."

Mo rọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ṣòro ju ìjà náà lọ.

"Mo fọ irùngbọ̀n mi," ọkùnrin náà ń sọ lábẹ́ mi. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Iyọ̀ wa máa ń yọ́ nínú omi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti jókòó, ó fi aṣọ di orí mú. "Nígbà tó jẹ́ oyin nìyẹn. Tó bá ti tò, omi ò lè tú u mọ́. Oníyọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní àárọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lù ú?" Ọ̀gá bi í, jẹ́jẹ́.

Ọkùnrin náà dijú. "Mo ní kó kọ orúkọ mi kún un. Ó ní rárá. Mẹ́fà."

*

Àgọ́ wa ò dúró de aago mẹ́rin. Nígbà tí a fi máa dé, ọkọ̀ ti wà lẹ́nu géètì, gbogbo gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n Oníyọ̀ sì ti ń fa Afẹ́gíláàsì lẹ́sẹ̀ jáde. Àdá ti gé e léjìká. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀, ó rìn wọ àárín wọn, ó mú ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù lọ́wọ́.

"Kì í ṣe òun," ó wí. "Ẹni tó ṣe èyí fún mi ló pa àbúrò yín. A ti mú un. Ẹ wo orí mi."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ó wo àna rẹ̀ nílẹ̀. Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sórí títì, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n di èjìká Afẹ́gíláàsì ní àgọ́, wọ́n sì fi pákó ti ìka rẹ̀. Dókítà tó dì í sọ pé ìka mẹ́ta kò ní ká mọ́. N kò béèrè bóyá èèyàn lè fi ìka méjì yí gíláàsì lójú iná.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá. "Bàbá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́. Ẹ ò sì lè di bírò mú." Ó yíjú sí mi, ó fa àga. "Jókòó. Bá wọn kọ ọ́."

Mo jókòó. Ìhà ń dùn mí. Ọkùnrin náà ń wo ògiri, ó sì ń sọ ọ́ láìgbóhùn sókè.

"Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó ki ọwọ́ ọ̀tún mi bọ inú dúrọ́ọ̀."

Mo kọ ọ́.

"Ó fi ẹsẹ̀ tì í pa. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ṣì wà lára ọwọ́ náà, mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Kò gbà."

Mo ti gbàgbé ìyẹn. Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Mo kọ ọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Kà á fún mi."

Mo kà á. Mo dé ibi ẹ̀jẹ̀, ẹnu mi kọ̀.

"Ka ìyókù," ó wí.

Mo ka ìyókù. Àyè méjì ló wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀kan fún orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó bá olùfisùn kọ̀wé. Mo kọ orúkọ kan náà sí méjèèjì.